Alága Onílé àti Ìtàkùn Ọmọ Ìyá Mẹ́ta

Èmi kò mọ nǹkan kan nípa ewé. Bí o bá kó ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ewé tábà sí iwájú mi, ó ṣeé ṣe kí n fi tábà se ọbẹ̀, kí n sì máa bínú sí ẹni tó lọ ata. N kò sì mọ nǹkan kan nípa ènìyàn pàápàá, bẹ́ẹ̀ ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí mo ti ń wò wọ́n. Nítorí náà, má ka ohun tí mo fẹ́ sọ sí ọgbọ́n. Ṣáà jókòó, kí o rẹ́rìn-ín níbi tó bá yẹ kí o rẹ́rìn-ín. Bí ọ̀rọ̀ náà bá gbá ọ létí, má sọ pé èmi ni.

Ọkùnrin kan wà, ó jẹ́ alága ẹgbẹ́ àwọn onílé ní àdúgbò kan lẹ́yìn ìlú. O mọ irú àdúgbò bẹ́ẹ̀. Ilé tí a kò tíì parí pọ̀ ju èyí tí a ti parí lọ. Ọ̀nà kò tíì dé. Ó di ọdún mẹ́sàn-án tí iná ìjọba ti ń bọ̀. Ṣùgbọ́n alága ti wà. Kànga lè dúró di ọdún tó ń bọ̀, alága kò ṣeé dá dúró.

Alága yìí ní òbúkọ kan. Nínú gbogbo àwọn tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, òbúkọ náà nìkan ni mo mọ orúkọ rẹ̀: Ajẹmáṣẹ́kù ni wọ́n ń pè é. Ó jẹ aṣọ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ sá sí orí okùn. Ó jẹ ìwé ìpè sí ìpàdé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, àwọn onílé tí kò fẹ́ wá sì rí àwáwí. Ó jẹ òdòdó tí ìyàwó ìjòyè kan gbìn láti fi gbéraga. Gbogbo àdúgbò ló ń gbàdúrà kí Ọlọ́run pè é sílé. Ṣùgbọ́n òbúkọ alága ni. Ta ni yóò ju òkúta lù ú?

Ìtàkùn kan wà ní àdúgbò yìí kan náà, ó máa ń gun ọgbà. Jẹ́ kí n sọ òdòdó rẹ̀ fún ọ, nítorí pé bí mo bá ti rántí rẹ̀, ara mi kì í gbà á. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo. Irun wẹ́wẹ́ yí i ká bí ìpéǹpéjú obìnrin tó ń lọ síbi ìgbéyàwó ẹni tó gba ọkọ rẹ̀. Ní àárín, nǹkan kan nàró bíi pé ẹnì kan gbé adé, tó tún gbé adé mìíràn lé e, tí kò sì tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bí o bá rí i, o ó sọ pé ọjọ́ tí Ẹlẹ́dàá ń ṣe èyí, kò ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́.

Àwọn tó fi ewé ṣe ẹ̀kọ́ ní oríṣi ìtàkùn náà lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta káàkiri ayé. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta! Ìdílé kan ṣoṣo! Wọ́n ní ohun tí ọ̀kan gbé sínú ewé rẹ̀, èkejì lè má ní in rárá. Ọ̀kan ní èròjà tó ń fi ara balẹ̀. Ọ̀kan kó kíkorò jọ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ọ̀kan ń fi májèlé ṣọ́ ọmọ rẹ̀ títí ọmọ náà yóò fi gbó. Àní lára ìtàkùn kan ṣoṣo, ohun tó wà nínú ewé lè yàtọ̀ sí ti èso, ti èso àìpọ́n lè yàtọ̀ sí ti èso pípọ́n, ti ìgbà òjò sì lè yàtọ̀ sí ti ẹ̀ẹ̀rùn. Ilé ìpoògùn ni ó ń gun ọgbà yẹn! Àwọn onímọ̀ ṣì ń ṣí àpótí rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn kò tíì dé ìdajì. Àwa ńkọ́? Aṣọ la ń sá lé e.

Mẹ́ta péré ló wà ní àdúgbò alága. Èkínní ń hù fúnra rẹ̀ nínú igbó àti lára ilé àìparí. Èso rẹ̀ máa ń wọ àwọ̀n bí ẹja tó bọ́ sọ́wọ́ apẹja, ewé rẹ̀ nírun, ó sì ń rùn. Èkejì wà lára ọgbà ilé ìwé. Èso tirẹ̀ máa ń pọ́n di àwọ̀ àlùkò, omi inú rẹ̀ kan, ó sì dùn, àwọn olùkọ́ ló ń mu ún tán. Ẹ̀kẹta wà lára ọgbà opó kan. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló mú irúgbìn rẹ̀ bọ̀ láti òkè òkun. Òdòdó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra bí ọmọ ìyá.

Opó yìí ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n pín oògùn ní ilé ìwòsàn kí ó tó fẹ̀yìn tì. Bí ó bá fẹ́ já ewé rẹ̀, ó ní wákàtí tó ń já a. Abẹ́ òjìji ló ń sá a sí, lórí asẹ́, kò ní jẹ́ kí oòrùn kàn án. Ó ń kọ ọjọ́ sí ara ìgò. Bí o bá lọ bá a, yóò bi ọ́ ní ìbéèrè bí agbẹjọ́rò: oògùn wo ni dókítà ti fún ọ, ṣé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ kò ga, ṣé o kò lóyún. Bí ìdáhùn rẹ kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ilé rẹ lo ń lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá fún ọ, ìwọ àti oorun tó ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ yóò parí ìjà.

Àwọn ènìyàn ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní bòńkẹ́lẹ́. Pásítọ̀ ń lọ, ó ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, nítorí ó ti wàásù pé ẹni tó bá ní àlàáfíà Ọlọ́run kì í ṣàìsùn. Àáfà ń lọ, ó ní ìyàwó òun ló rán òun. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ń lọ, kò tilẹ̀ ní àwáwí, ó kàn ń fi fìlà bo ojú.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, Ajẹmáṣẹ́kù wọ inú igbó lẹ́yìn ilé àìparí. Ó bá ìtàkùn aláwọ̀n níbẹ̀, èso rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ó jẹ èso, ó jẹ ewé, ó jẹ àwọ̀n. Ó ṣe bí orúkọ rẹ̀. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì kọjú sí ọ̀run, ewé ìtàkùn náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Àdúgbò bá alága kẹ́dùn. Ìyàwó ìjòyè sọkún débi pé ó fi ìborùn bo ojú, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ni.

Alága pe ìpàdé pàjáwìrì.

“Ẹ̀yin onílé,” ni ó wí, “apànìyàn kan wà láàárín wa.”

“Apòbúkọ ni, Alága,” ẹnì kan wí láti ẹ̀yìn.

“Bí ó bá ti òbúkọ bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ ta ni yóò parí sí? Mo fẹ́ kí a hu ìtàkùn olódòdó yìí kúrò ní àdúgbò. Gbogbo rẹ̀. Tìyátọmọ.”

Opó náà dìde. “Alága, ẹ kú àdánù. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lára ọgbà mi kọ́ ló pa á. Ìdílé kan ni wọ́n, ẹrù inú wọn ni kò dọ́gba. Ọ̀kan gbé oorun, ọ̀kan gbé omi dídùn, ọ̀kan fi májèlé sínú èso rẹ̀ títí yóò fi pọ́n. Irú májèlé inú gbágùúdá tútù náà sì ni. Bí gbágùúdá tútù ló bá pa òbúkọ yín, ṣé ẹ ó ní kí a má jẹ gàrí mọ́?”

Ilé dàrú.

“Ẹ̀n-ẹ́n, Màmá!” akọ̀wé pariwo. “Ohun gbogbo la lè jíròrò ní ìpàdé yìí o, ẹ má mú gàrí wọ̀ ọ́!”

“Màmá,” alága wí, “òdòdó kan náà kọ́ ni? Ìtàkùn kan náà kọ́ ni? Ẹni bíni là á jọ! Mo ti parí ọ̀rọ̀ mi. Ẹni tó bá fara mọ́ ọn, kó nawọ́.”

Opó náà wo pásítọ̀. Pásítọ̀ ń wo bàtà rẹ̀. Ó wo àáfà. Àáfà ń ka tẹ̀sùbáà bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Ó wo akọ̀wé, tó mu omi ewé náà lánàá tó sì sùn di aago mẹ́jọ òwúrọ̀. Akọ̀wé ti ń kọ ìpinnu sílẹ̀. Gbogbo ọwọ́ ló lọ sókè, àti ọwọ́ tó ti gba ife lọ́wọ́ opó náà.

Ní Sátidé, ọjọ́ ìmọ́tótó àyíká, wọ́n kó àdá àti ọkọ́ jáde. Wọ́n hu ti igbó, ó kù díẹ̀ lẹ́yìn ilé àìparí, ó rẹ̀ wọ́n. Wọ́n hu ti ọgbà ilé ìwé. Ti ọgbà opó, alága fúnra rẹ̀ ló hu ú, ó sì fi ọkọ́ wá gbòǹgbò rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, bí ẹni ń wa ìṣúra. Kí wọ́n tó jẹun àárọ̀, wọ́n ti parí.

Opó náà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀. “Ẹ kú iṣẹ́,” ni ó wí. Ó wọlé.

Wàyí o, alága ní ìyá. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbé. Láti ìgbà tí ọkọ màmá yìí ti kú ni oorun ti bá ọkọ náà lọ. Nígbà tó yá, ó tún ń sùn dáadáa. Alága ń yangàn kiri pé fóòmù tí òun rà fún un ló mú un sùn. Màmá kò já a nírọ́. Ìwọ náà mọ̀ pé ìyá kì í sọ ibi tó ti gba ìrànlọ́wọ́ fún ọmọ tó ń fẹ́ ìyìn.

Lẹ́yìn ìmọ́tótó yẹn, ìgò tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí màmá tán. Oorun lọ. Ní ọjọ́ kẹta, ó ń bá àga sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó ń pe alága ní orúkọ ọkọ rẹ̀, ó ń bi í pé kí ló dé tí kò fi tíì kó iṣu wálé. Wọ́n gbé e lọ bá dókítà. Dókítà fún un ní oògùn, oògùn náà mú un ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ó ṣubú ní balùwẹ̀. Dókítà ní kí wọ́n dá oògùn náà dúró, kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ní ọjọ́ keje, ní ọ̀sán gangan, màmá jáde pẹ̀lú tòbí nìkan, ó sì bọ́ sójú títì. Awakọ̀ kan tó kó yanrìn yà fún un, ó gba inú kòtò lọ. Ohun tó kù láàárín ìyá àti ikú kò ju ìbú ọwọ́ mi yìí.

Alága fà á wálé. Orí màmá wálé díẹ̀, ó wá sọ òtítọ́.

“Ewé opó yẹn ni mo ń mu. Bá mi lọ gbà á.”

Tí ó bá jẹ́ ìwọ, ṣé o kò ní sáré lọ sílé opó? O kò ní lọ. Má parọ́. Ẹnu tí alága fi sọ pé apànìyàn ni, ó ní òun kò lè fi í bẹ̀bẹ̀. Ó jókòó, ó ronú, inú rẹ̀ sì dùn lójijì. Ṣebí ìdílé kan ni wọ́n? Bí ọ̀kan bá jẹ́ oògùn oorun, gbogbo wọn oògùn oorun ni! Ẹni bíni là á jọ!

Òbúkọ ńkọ́? Alága ní bóyá òbúkọ náà jẹ àjẹkì. Ó ní òun ti ń kíyè sí àṣejù rẹ̀ tipẹ́. Òbúkọ tí a torí rẹ̀ pa ìdílé kan run, òun fúnra rẹ̀ ti di ẹlẹ́bi.

Ó gba ẹ̀yìn ilé àìparí lọ. Ìtàkùn aláwọ̀n ti tún hù níbi tó ti kù sí, òdòdó rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Alága já ewé, ó já èso tútù mọ́ ọn kí agbára rẹ̀ lè pé. Ó gún un, ó bu omi gbígbóná lé e, ó fi oyin sí i. Ó gbé e fún ìyá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ gbé e, bí ọmọ rere.

Màmá gbé ife náà dé ẹnu. Ó dúró. Ó gbóòórùn rẹ̀.

“Kí lèyí?”

“Ewé oorun ni, Màámi.”

“Ewé oorun kì í rùn bí ìbọ̀sẹ̀. Ta ni o bi léèrè kí o tó já a?”

“Màámi, ẹ ṣáà mu ún. Ìdílé kan náà ni.”

Màmá gbé ife kalẹ̀. Obìnrin tí kò sùn fún ọjọ́ méje bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Ìdílé kan náà. Ó dára. Èmi ni mo bí ọ. Èmi náà ni mo bí ẹ̀gbọ́n rẹ, tó ta ilẹ̀ kan ṣoṣo fún ènìyàn mẹ́ta ní àdúgbò yìí kó tó sá lọ sí Kútọnu. Méjì nínú àwọn mẹ́ta yẹn ló dìbò fún ọ. Tí wọ́n bá ní ẹni bíni là á jọ, ṣé wọn yóò jẹ́ kí o ṣọ́ àga lásán ní ìpàdé, ká má tíì sọ pé kí o jókòó lé e?”

Alága wo inú ife náà, ó wo ìyá rẹ̀. Ohun tí ọwọ́ òun fẹ́ ṣe wá yé e. Ó da ife náà sínú kòtò, ó fi erùpẹ̀ bò ó. Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tó dé ọ̀dọ̀ opó. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní ẹnu ọgbà, níbi tó ti lo ọkọ́.

“Màmá, ẹ jọ̀wọ́. Ìyá mi ni.”

“Mo mọ̀ pé ìyá yín ni,” opó wí. “Èmi ni mo ń fún un. Ẹ dìde, ẹ ń fi agbádá nulẹ̀.”

Ó wọlé, ó gbé ìgò kan jáde, ewé gbígbẹ wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó tún gbé ìdì bébà kékeré kan.

“Èyí tó kù nìyí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni yóò tó màmá. Irúgbìn rẹ̀ ló wà nínú bébà. Ó máa ń lọ́ra. Ó lè hù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó lè tó oṣù mẹ́ta. Nígbà tó bá hù, ẹ ó tún dúró kí ewé rẹ̀ gbó.”

“Oṣù mẹ́ta kẹ̀? Màmá, kí a tó jẹun àárọ̀ la hu ú tán!”

“Mo wà níbẹ̀, Alága.”

Alága gbin ín. Kò rán ẹnikẹ́ni, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbin ín. Màmá sùn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ní ọjọ́ kẹwàá, ìgò gbẹ. Bí o bá gba ibẹ̀ kọjá ní òwúrọ̀, o ó rí ọkùnrin kan tó fi ọwọ́ kan di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, kí ìyá má baà bọ́ sójú títì. Ọwọ́ kejì ló fi ń bomi rin ilẹ̀ tí nǹkan kan kò tíì hù níbẹ̀. Àwọn onílé ń kí i, “Alága, ẹ kú ìtọ́jú.” Ilẹ̀ ló ń wò.

Ìwọ ni mo ń bá wí. Má wo ẹ̀yìn, kò sí ẹlòmíràn níbí. O ti fi alága rẹ́rìn-ín tó, ó dùn mọ́ mi pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ìwọ náà kì í béèrè ènìyàn, ìdílé ni o máa ń béèrè. Bí ẹ̀gbọ́n bá jalè, o ti àbúrò mọ́ ìta. Bí bàbá bá ń ṣáájú àdúrà, o kó kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ fún ọmọ rẹ̀, o kò wo ohun tí ọmọ náà gbé sínú. Ìwà méjì kọ́ nìyẹn, ìwà kan ni. Ọ̀lẹ ni. Ó rọrùn láti wo òdòdó ju kí a tẹ̀ síwájú, kí a gbé ewé sí imú, kí a béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí a sì dúró kí èso pọ́n. Bí ewéko tí kò lẹ́nu bá lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, kí ọ̀kan múni sùn, kí ọ̀kan pani, mélòó-mélòó ni ti ènìyàn? Tí o bá sì gé èyí tó yẹ kí o tọ́jú, má rò pé ọjọ́ tí o bá nílò rẹ̀ ni yóò hù.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá tọrọ ọmọ rẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí o lé kúrò lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí o gbọ́ orúkọ bàbá rẹ̀, kí ni òun fúnra rẹ̀ ṣe?